Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Ti Ń Gbé Búútà Fúnra Mi

Àlùhámúdúlílàhì! Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin oníbàárà mi lọ́jà ẹja Olúwo, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba.

Ọwọ́ tí mo fi ń ha ìpẹ́ ẹja ló kọ́kọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2021. Gbogbo oríkèé ìka wú. Tí mo bá jí ní àsùbáà, ọwọ́ á ti gan, ọmọ mi ló ń da omi àlùwàlá sí mi lọ́wọ́, ó sì máa ń tó wákàtí méjì kí ìka tó dẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní rheumatoid arthritis ni, làkúrègbé tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló kọjú ìjà sí oríkèé. Wọ́n fún mi ní methotrexate, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó wálẹ̀.

Àmọ́ ara mi ò bọ̀ sípò. Òtútù ń mú mi nídìí ààrò ẹja! Ẹ gbọ́ o, ìdí ààrò, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń làágùn. Mo ń sanra, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò wù mí jẹ. Ohùn mi há, tí mo bá ti jókòó, oorun ni. Ilé ìwòsàn kan ní àgbà ló dé. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí. Èyí tó pa mí lẹ́kún jù ni àwọn tó ní mo ti ya ọ̀lẹ.

Dọ́kítà obìnrin kan ni Ọlọ́run rán sí mi. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní kí n lọ yẹ thyroid wò. Mo ní mi ò ní gẹ̀gẹ̀. Ó ní, "Màmá, kò dìgbà tí gẹ̀gẹ̀ bá yọ." Ó ní ẹ̀yà ara kan ni, ó rí bíi labalábá níwájú ọ̀fun, oje rẹ̀ ló ń mú ara ṣiṣẹ́. Ìjà tó wà ní oríkèé lè dé ọ̀dọ̀ òun náà, pàápàá lára àwa obìnrin.

Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, bó ṣe rí nìyẹn: oje thyroid mi ò tó. Levothyroxine, oògùn tó ń dípò oje náà, ni mo ń lò báyìí lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Wákàtí mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ní iron tó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Mi ò sì fi ti oríkèé sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí làkúrègbé yìí ń bá jà, tó tún ń rẹ̀ yín ṣáá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí dọ́kítà yẹ thyroid yín wò.

Láàárọ̀ yìí, èmi ni mo gbé búútà, mo da omi sí ọmọ mi lọ́wọ́.