Abọ́ óòtì kan ṣoṣo nínú ìkòkò prẹ́ṣọ̀

Óòtì ẹnì kan máa ń bàjẹ́ nínú ìkòkò prẹ́ṣọ̀ nítorí pé ìkòkò náà tóbi jù ú lọ. Ẹ fojú inú wo ìkòkò tó ń gba lítà mẹ́fà, kí wọ́n da ìdámẹ́rin ife óòtì sí i pẹ̀lú omi díẹ̀. Omi náà á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìdí ìkòkò, óòtì á fà á mu, ìyókù ò sì ní tó láti di oru tó máa ti ìkòkò pa. Kí prẹ́ṣọ̀ tó gòkè, óòtì ti lẹ̀ mọ́ irin. Ìkòkò oníná mànàmáná á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé nǹkan ń jó. Ti orí iná ò ní pariwo ní tirẹ̀, imú yín ló máa sọ fún yín.

Inú abọ́ ni kí ẹ ti sè é, kí ẹ wá gbé abọ́ náà sínú ìkòkò. Omi inú ìkòkò wà fún oru, omi inú abọ́ wà fún óòtì, àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé. Ohun tó mú kí irin ẹlẹ́sẹ̀ tó máa ń bá ìkòkò wá ṣe pàtàkì nìyẹn: òun ló ń gbé abọ́ kúrò nínú omi, tí kò sì ní jẹ́ kí ìdí abọ́ kan ibi tí iná ti mú jù.

Abọ́ irin tí kì í dípẹtà ni mo fara mọ́ jù, torí ooru máa ń tètè wọ inú rẹ̀. Tánganran àti gíláàsì náà ṣeé lò bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i lára pé ó lè wọ ààrò búrẹ́dì, àmọ́ wọ́n nípọn, ooru máa ń pẹ́ kó tó wọ̀ wọ́n, ẹ ó fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kún àkókò. Gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fìríìjì bọ́ kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò gbígbóná, yóò sán. Abọ́ oníke, ẹ má dán an wò. Kí abọ́ náà lè gba ife mẹ́ta ó kéré tán, torí óòtì àti omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì abọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fojú kéré èyí, wọ́n á wá máa nu ìkòkò.

Ìwọ̀n ẹnì kan rèé. Bó bá jẹ́ óòtì tí wọ́n fi irin gé wẹ́wẹ́, èyí tó dà bí èérún ìrẹsì: ìdámẹ́rin ife, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 45, pẹ̀lú omi mìlílítà 180. Bó bá jẹ́ óòtì pẹlẹbẹ: ìdajì ife, nǹkan bíi gíráàmù 40, pẹ̀lú omi mìlílítà 240. Omi yìí lè kéré sí èyí tí ẹ máa lò nínú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀, torí nínú ìkòkò tó ti pa, omi ò ráyè sá lọ. Ẹ fi iyọ̀ fún-ún díẹ̀ sí i kí ẹ tó sè é, iyọ̀ tí wọ́n bù sí i lẹ́yìn tó ti jinná kì í wọnú rẹ̀ dáadáa. Ẹ fi bọ́tà bí ìdajì ṣíbí tíì sí i pẹ̀lú. Adùn nìkan kọ́ ni bọ́tà wà fún, ọ̀rá máa ń dín ìfòfó kù.

Ẹ da ife omi kan sínú ìkòkò, mìlílítà 240, tàbí iye tí ìwé tó bá ìkòkò yín wá bá sọ pé kò gbọdọ̀ dín kù. Bí omi náà bá ti gbóná tẹ́lẹ̀, prẹ́ṣọ̀ á tètè gòkè. Ẹ gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ sí i, ẹ gbé abọ́ lé e, kó jókòó dáadáa. Ẹ ti ọmọrí, ẹ yí fáàfù sí ibi tí oru ò ti ní jáde. Prẹ́ṣọ̀ tó ga ni kí ẹ lò: ìṣẹ́jú 12 fún óòtì gígé nínú abọ́ irin, ìṣẹ́jú 4 fún óòtì pẹlẹbẹ. Ìgbà tí prẹ́ṣọ̀ bá dé ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, kì í ṣe ìgbà tí ẹ tan iná.

Bí àkókò bá pé, ẹ pa iná, kí ẹ má sì fọwọ́ kan fáàfù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú ìkòkò orí iná tó ń dé 15 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára prẹ́ṣọ̀), ooru omi máa ń dé nǹkan bíi 121°C kó tó hó. Ti oníná mànàmáná sábà máa ń relẹ̀ díẹ̀ sí i. Omi inú abọ́ yín náà ti gbóná kọjá 100°C, prẹ́ṣọ̀ ló kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò fi hó. Bí ẹ bá ṣí fáàfù lójijì, ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, gbogbo abọ́ á ru láti ìsàlẹ̀ dókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ omi lásán, á hó, á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n sítáṣì óòtì ti mú kí omi yìí máa fà, afẹ́fẹ́ inú ìfòfó rẹ̀ kì í tètè bẹ́, ńṣe lá máa gun orí ara wọn títí wọ́n á fi kún abọ́ dẹ́nu, wọ́n á dà sínú ìkòkò, díẹ̀ á sì tẹ̀ lé oru gba ẹnu fáàfù jáde. Ìdajì oúnjẹ yín á wà lábẹ́ irin ẹlẹ́sẹ̀.

Bí irin kékeré orí ọmọrí, èyí tí prẹ́ṣọ̀ máa ń tì sókè, bá ti já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ lè ṣí ìkòkò. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ti kọjá tí kò tíì já wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí fáàfù máa tú oru jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé ọmọrí kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín, kí oru gba apá kejì lọ.

Ohun tí ẹ máa rí lè já yín kulẹ̀: omi funfun lókè, óòtì tó wú tó rì sísàlẹ̀. Ó ti jinná, ẹ má dá a padà. Ẹ fi ẹ̀mú tàbí ìbọ̀wọ́ tó nípọn gbé abọ́ jáde, ẹ fi ṣíbí rò ó láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi yẹn á wọlé, á ki, ṣíbí á máa fa ilà tí kì í pa dé kíákíá. Bó bá ṣì ń ṣàn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo inú ọmọrí, omi tó ń kán láti ibẹ̀ lè tó ṣíbí kan tàbí méjì. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ dín omi abọ́ kù níwọ̀n bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ fi fọ́ìlì bo abọ́ wẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú méjì kún un torí fọ́ìlì máa ń dá ooru dúró díẹ̀. Bó bá ki jù, omi gbígbóná tàbí mílíìkì gbígbóná ni kí ẹ fi là á. Èyí tó tutù máa ń mú kó dì ní kókó-kókó.

Mílíìkì, lẹ́yìn tó bá jinná ni. Nínú abọ́, kò ní jóná bó ṣe máa jóná nídìí ìkòkò, òótọ́ ni, àmọ́ ó máa ń yọ ìfòfó ju omi lọ. Oyin àti ṣúgà náà, ẹ̀yìn ni. Èso gbígbẹ nìkan ló yẹ kó bá a wọ ìkòkò, ẹ fi omi ṣíbí méjì kún un torí òun náà máa mu.

Ní ti óòtì ayárajinná, èyí tí wọ́n tẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ló ń wá nínú ìkòkò prẹ́ṣọ̀? Omi híhó ti tó o. Kódà óòtì pẹlẹbẹ ò yá níbẹ̀ ju orí iná lọ, bí ẹ bá ka àkókò tí prẹ́ṣọ̀ fi gòkè àti èyí tó fi rọlẹ̀. Kìkì pé ẹ ò ní dúró rò ó ni. Óòtì gígé gan-an ni ìkòkò yìí wúlò fún. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ sómi nínú fìríìjì mọ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti tó o, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ abọ́ irin.

Bí ẹ bá ti jẹun tán, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ da sínú abọ́. Ẹ yọ rọ́bà inú ọmọrí, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ tú ìdérí kékeré tó bo ẹnu fáàfù nínú, kí ẹ gbé ọmọrí sókè wo ìmọ́lẹ̀ láti ihò náà. Èèpo óòtì kan tó gbẹ síbẹ̀ lè má jẹ́ kí irin kékeré náà gòkè lọ́jọ́ kejì, ẹ ó wá rò pé rọ́bà ló ti gbó.