Kó lọ sinmi

Ìwé yẹn ò tíì jáde. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Òjò pa mí wálé.

Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ìyá alágbàdo kan ní òpópónà Kakawa l'Ékòó ni. Ó fi háhá ọwọ́ rẹ̀ júwe Water House, ilé àtijọ́ kan níbẹ̀, fún oníbàárà kan, ó ní: "Ṣebí ó ti dàgbà. Kí wọ́n jẹ́ kó lọ sinmi." Ó sì ń bó àgbàdo rẹ̀ lọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ arúgbó tó ti pẹ́ lórí ẹní àìsàn.

Sinmi kẹ̀?

Kakawa ò gùn, kí èèyàn tó kọ orin kan tán, ó ti rìn ín já. Ibẹ̀ náà ni João Esan da Rocha kọ́ Water House sí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n jí gbé ní kékeré, tí wọ́n tà sí Bahia, tó tún sọdá òkun padà wá sí Èkó. Kànga wà nínú ọgbà ilé náà, wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú nígbà tí omi ẹ̀rọ ò tíì dé. Candido ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí sí Bahia lọ́dún 1860, wá di olówó tí gbogbo Èkó mọ̀.

Ilojo, ilé àtijọ́ mìíràn ní Tinubu l'Ékòó, ti lọ sinmi ṣáá. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956. Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀, ó di òkìtì. Ìsinmi nìyẹn.

Inú ń bí mi dé ibùdókọ̀. Inú dáńfó ni mo ti wá rò ó pé, kí ni ìyá náà ṣe gan-an? Òun kọ́ ni òrùlé ń jò lé lórí. Àwa tí à ń ya fọ́tò ilé àtijọ́ kiri ńkọ́, kọ́bọ̀ ta ni ó wà níbẹ̀? Àmọ́... ká ní ó ní kí wọ́n wó o ni, ǹ bá ti gbàgbé. Sinmi ló ní.

Ẹ tiẹ̀ wò ó, níwájú ilé olómi yẹn gan-an ni ọmọkùnrin kan ti ń polówó pure water tútù. Mo rẹ́rìn-ín, mo ra méjì. Da Rocha ì bá ti béèrè èrè tó ń jẹ lórí àpò kan.

Ẹ̀gbọ́n mi pè lálẹ́. Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé Bàbá wa ti fowó kún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé náà kúkú ti gbó, ṣé èmi náà ò rí i ni? Mo ní n ó pe wọ́n padà.

Mi ò tíì pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.