Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ: ohun tí odò Yukon kọ́ èmi ọmọ Ìwopin

Ìwopin ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà, níhà etí omi Ìjẹ̀bú. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ àjẹ̀ í lò. Ìyá mi a máa lọ pàdé àwọn apẹja ní ìdájí, èmi ni n ó jókòó sí ìdí ọkọ̀ tí n ó máa tù ú. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Whitehorse, lápá àríwá Kánádà, pè mí pé òun ti sanwó ìrìnàjò ọjọ́ méjìlá lórí odò Yukon, ọkọ̀ títù àti òkè gígùn, pẹ̀lú afinimọ̀nà, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, "Ta ló fẹ́ fi omi han èmi?"

Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún 2024 ni mo gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ẹgbẹ́ mi nínú regbéregbé ni kò jẹ́ kí n sinmi tí mo fi ń kọ èyí, torí púpọ̀ nínú wọn ló lọ́mọ lókè òkun tó lè fi irú nǹkan báyìí pè wọ́n. Ibi tí mo ti ṣì í ni n ó sọ jù.

Ẹrù ni mo kọ́kọ́ ṣì. Báàgì ńlá mẹ́ta: ìró àti bùbá, ankara, ìborùn, bàtà tuntun tí n kò tíì wọ̀ rí, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹja gbígbẹ tí ọmọ mi bá mi rà lọ́wọ́ ará wa kan níbẹ̀. Afinimọ̀nà wa da gbogbo rẹ̀ sórí tapólì létí odò, ó ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá sọ ìtàn àwọn tó ń sáré lọ wá góòlù ní Klondike, lágbègbè Yukon níbẹ̀, ní ọdún 1898 fún wa. Ọlọ́pàá Kánádà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìní oúnjẹ ọdún kan lọ́wọ́, ẹrù ẹnì kan a sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan. Ó wo ẹrù mi, ó ní ṣé èmi náà ń lọ wá góòlù ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín.

Aṣọ òwú ló kọ̀ jù. Ó ní tí òwú bá ti rin, kì í tètè gbẹ, omi inú rẹ̀ ni yóò máa fa ooru kúrò lára ẹni. Aṣọ onírun àgùntàn ló fi rọ́pò wọn. Aṣọ ìyẹn a ṣì máa móoru bó tilẹ̀ rin. Ankara mi padà sílé ọmọ mi. Ohun kan ṣoṣo tó kan sáárá sí ni gàrí: ó fúyẹ́, kò gba iná, kì í bàjẹ́. Mo bu gàrí sínú kọ́ọ̀pù, mo nawọ́ sí odò kí n bu omi lé e. Ó gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi. Omi yẹn mọ́ gaara débi pé ẹ lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹranko ń bá a rìn, kòkòrò tí ojú kò rí wà níbẹ̀ tó lè dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀ fún ẹni. Ó ní ó gbọ́dọ̀ hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Mo ní tí mo bá da omi gbígbóná sí gàrí mi, ẹ̀bà ni yóò dà. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, alaalẹ́ ló ń bá mi se omi sílẹ̀ kó lè tutù di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi omi wàyí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Ọmọbìnrin tó jẹ́ afinimọ̀nà wa yìí kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi. Orúkọ ló sì ń pè mí, kò sí Alhaja níwájú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Ó ní kí gbogbo wa wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sómi, kí a dè é dáadáa. Mo wọ tèmi, n kò dè é. Mo ní mo mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n kàn dè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, kí n sì bá òun rìn wọ inú omi dé àyà, níbi tí kò ti jìn.

Mo ti rí omi tútù rí o. Omi kànga nígbà ọyẹ́, omi yìnyín inú kúlà níbi ìnáwó. Kò sí èyí tó jọ ọ́. Bó ṣe kan àyà mi ni ẹnu mi là fúnra rẹ̀, mo mí hàà sínú, n kò sì rí èémí náà dá padà. Mo fẹ́ pe ọmọ mi, ohùn kò jáde. Mo kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré. Ká ní orí mi wà lábẹ́ omi nígbà tí ẹnu là yẹn, omi ni ǹ bá mí sínú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má ṣe lúwẹ̀ẹ́, kí n má ṣe nǹkan kan, kí n kàn máa mí títí yóò fi rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí mo gòkè, mo fẹ́ tún píìnì ìbòrí mi fi sí i, ìka mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Ọmọ mi ló bá mi fi í.

Ó wá ṣàlàyé. Ẹni tó já sínú irú omi yẹn ní ìṣẹ́jú kan láti kápá èémí rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, àti bíi wákàtí kan kí òtútù tó gbé iyè lọ lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, òmùwẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Jákẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ sí òkú.

Àwọn àgbà wa ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo rò pé ẹni tó ń fi ọgbọ́n omi ṣe yànga ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ti dè jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ní tirẹ̀ o. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ni n kò dè é.

Ní adágún Laberge, tí odò náà gbà kọjá, tó gùn tó nǹkan bí 50 kìlómítà, mo tún ṣe bí ọmọ Ìwopin. Mo rí i pé omi dákẹ́ rọ́rọ́, mo ní ká gé e kọjá láàárín gbùngbùn ká lè tètè dé. Ó kọ̀, ó ní etí òkè ọwọ́ ọ̀tún la ó máa rọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ dé, tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí funfun hàn láàárín ibi tí mo ní ká gbà. A gòkè, a pàgọ́, a sì sùn síbẹ̀ odidi ọjọ́ kan tí a ń dúró de afẹ́fẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé mo mọ ọgbọ́n yìí nílé. Ìyá mi kì í la ọ̀sà kọjá lọ́sàn-án, ìdájí ni. Ṣe ni mo rò pé mo ti kúrò lábẹ́ òfin ìyá mi.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọ̀, a tukọ̀ láàjìn. Ilẹ̀ kì í ṣú tán níbẹ̀ lásìkò yẹn. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di agogo méjìlá òru, ojú ọ̀run a sì wà bí ìrọ̀lẹ́ títí yóò fi tún yọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó bá fẹ́ lọ, ẹ bi ààfáà yín nípa ìrun alẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má dúró títí ẹ ó fi débẹ̀ bíi tèmi.

Ẹja gbígbẹ ńkọ́? Afinimọ̀nà ní gbogbo ohun tó ní òórùn oúnjẹ, tó fi dé ọṣẹ àti ìpara, inú kẹ́ẹ̀gì onídèérí líle ni kó máa gbé, kí a sì máa dáná níbi tó jìnnà sí àgọ́ tó 100 mítà, torí béárì, ẹranko ńlá inú igbó ibẹ̀ tí òórùn oúnjẹ lè fà wá. Mo kó ìpara mi sílẹ̀. Ẹja, n kò kó o sílẹ̀. Oúnjẹ wọn kò ní ata, kò níyọ̀, mo ń yọ ẹja náà já díẹ̀díẹ̀ lálẹ́ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tó jí ẹran inú ìkòkò. Òru kẹta ni afinimọ̀nà gbóòórùn rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kí n fọ ọwọ́ àti ẹnu, kí n pààrọ̀ aṣọ, ó gbé ìrọ̀rí mi jáde kúrò nínú àgọ́, ó wá sọ pé, "Ìwọ nìkan kọ́ lo sùn síbí." Èèyàn méje la jẹ́. N kò lè wo ojú ọmọ mi títí di ọ̀sán.

Òkè gígùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà Òkè-Ajé àti padà fún oṣù kan ná. Bí ẹ bá sì rí i pé ibì kan ń gbóná lẹ́sẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn, kó tó di pé ó wú. Ẹ máa pariwo lọ́nà kí béárì lè gbọ́ yín láti òkèèrè kó sì yà. Níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ti yìn mí. Agolo kan sì wà tí afinimọ̀nà fi kọ́ ìbàdí tó lè fi fọ́n béárì lójú, ata gidi ló wà nínú rẹ̀. Mo bi í bóyá mo lè fi díẹ̀ sí ọbẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn ìlú Carmacks la dé ibi tí wọ́n ń pè ní Five Finger Rapids. Àpáta ńlá mẹ́rin dúró láàárín odò, omi pín sí márùn-ún láàárín wọn, ó ń hó. Ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni à ń gbà. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ: ẹ má di etí ọkọ̀ mú, ẹ má sì dákẹ́ àjẹ̀. Àjẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń mú ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Ọwọ́ tó bá di etí ọkọ̀ mú ló ń fà á dànù. Mo ń ka Áyátúlì Kúrúsíyù, mo ń tukọ̀. Omi gbá mi lójú lẹ́ẹ̀mẹta. N kò jiyàn kankan.

Ní oṣù Kejìlá, mo kó àwọn ẹgbẹ́ mi mẹ́fà lọ sí Ìwopin kí àwọn náà lè gun ọ̀sà. Ọlọ́kọ̀ kò ní jákẹ́ẹ̀tì kankan. Mo ní a kò wọ̀ ọ́. Àbúrò mi tó wà létí ọ̀sà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé òyìnbó ti fi omi ìlú yín dẹ́rù bà yín ni? Ọmọ omi ni wá kẹ̀." Mo ní ọmọ omi náà ni n ó ṣe jókòó síbí dúró. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi jókòó kí wọ́n tó yá mẹ́jọ wá láti òdìkejì, méjì nínú wọn sì ti ya. Mo dá èyí tó ya padà. Mo fọwọ́ ara mi fa okùn ìyókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Àwa mẹ́fà la rí jákẹ́ẹ̀tì wọ̀ lọ. Ẹnì kan tó kù lára wa dúró, ó lọ ra ẹja.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní J4, lẹ́yìn Ògbèrè, a tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba Omo, wọ́n sì fún wa ní ẹni tó mọ̀nà. Igbó yìí ti wà lára àwọn tí àjọ àgbáyé UNESCO kà sí ibi àrà ọ̀tọ̀ fún ohun ẹlẹ́mìí láti ọdún 1977, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé erin ṣì wà nínú rẹ̀, ní Ìjẹ̀bú wa níbí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi ní ohun tí mo mọ̀: ẹ máa pariwo, ẹ máa pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin tó mú wa lọ yíjú padà, ó ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Erin lèyí, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé a wà níbí."

Mo pa ẹnu mi mọ́. A rìn tó wákàtí méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi ẹrẹ̀ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wọn ojú ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ kò kárí i. Ó fi igi tú ìgbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kò tíì ju àárọ̀ yìí lọ. Ọ̀kan nínú wa la ẹnu láti kígbe "Yéè!", mo yára fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, a sì dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi lẹ́nu rẹ̀, à ń fetí sí igbó.