Ọ̀gá àtijọ́ pè: ẹ má tíì sọ pé "ó dáa sà"

Aago méje ààbọ̀ alẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá dáńfó dúró lórí Third Mainland, kọ̀ńdọ́ àti ìyá kan ń jà nítorí ṣéńjì, fóònù wá ń dún. Orúkọ ọ̀gá tí ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn ló yọ. Ẹ má gbé e. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹni tó bá gbé irú ìpè yẹn nínú ariwo, "ó dáa sà" ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, "ó dáa sà" yẹn náà ni wọ́n sì máa fi mú un lọ́la. Ẹ jẹ́ kó dún tán. Bẹ́ ẹ bá délé, tẹ́ ẹ ti jẹun, ẹ kọ nǹkan bí èyí sí i:

"Ẹ kú alẹ́ sà. Mo rí ìpè yín, inú ọkọ̀ ni mo wà nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi kókó ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ síbí kí n lè múra sílẹ̀. Mo máa pè yín lọ́la láago mẹ́wàá bó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ṣòro láti yí padà. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, ìyẹn náà ti sọ nǹkan fún yín. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp o. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn yín á ti dé etí gbogbo ọ́fíìsì.

Kẹ́ ẹ tó lọ jìnnà, ẹ rí i dájú pé òun gan-an ni. Ó rọrùn fún àwọn gbájúẹ̀ láti gbé àwòrán ọ̀gá sójú WhatsApp tuntun. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ pe ọ́fíìsì, tàbí ẹlẹgbẹ́ yín kan tó ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ gbà yín padà, tí wọ́n wá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó àyẹ̀wò ara sínú àkáǹtì ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ta ló ń sanwó kí wọ́n tó fún un níṣẹ́ tó ti ṣe rí?

Ohun tó ń mú ọ̀gá àtijọ́ wá ẹni kò pọ̀. Ó lè jẹ́ pé nǹkan wọn sọnù, tàbí àwọn aṣàyẹ̀wò owó ti dé, tàbí ẹni tó gba ipò yín ti lọ, tàbí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ wá ran àwọn lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò wọ́pọ̀ kó jẹ́ ìkíni lásán.

Èyí tó léwu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kóòdù. Nígbà tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù yín ni wọ́n fi ṣí Gmail ilé-iṣẹ́, òun ni wọ́n fi sí àkáǹtì báńkì, ó sì lè jẹ́ òun náà ló wà lórí Instagram wọn. Ẹ kúrò, wọn ò yí i padà. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tuntun gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù, ó ní kí wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́, nọ́ńbà mẹ́fà já sórí fóònù yín nígbà tẹ́ ẹ ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́. Ọ̀gá pè: "Jọ̀ọ́, bá mi ka nǹkan tó wọlé yẹn." Ojú á máa tì yín láti kọ̀. Ẹ kọ̀ ọ́. Kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí í-meèlì àti èyí tí wọ́n fi ń yọ owó jọra lójú, bí owó bá sì rìn lọ́nà àìtọ́ lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà yín ni àkọsílẹ̀ báńkì máa tọ́ka sí.

Ohun tó yẹ ni kí àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé-iṣẹ́ kọ lẹ́tà sí báńkì, kí wọ́n yọ nọ́ńbà yín, kí wọ́n fi tiwọn sí i. Ní ti í-meèlì, bó bá jẹ́ èyí tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́, alábòójútó rẹ̀ lè yí páásíwọ̀ọ̀dù padà láì dé ọ̀dọ̀ yín rárá. Bó bá jẹ́ Gmail lásán, ẹ pàdé lẹ́ẹ̀kan péré, ojúkojú. Kí wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tiwọn, kẹ́ ẹ ka kóòdù fún wọn níbẹ̀, kí wọ́n yọ nọ́ńbà yín lójú yín, kẹ́ ẹ sì jáde kúrò nínú í-meèlì náà lórí fóònù tiyín. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fúnra yín wọ inú ètò ìṣirò owó wọn nítorí pé ẹ fẹ́ "bá wọn wò ó". Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé ni ètò náà ń kọ orúkọ àti aago sílẹ̀, ẹ ò sì sí lẹ́nu iṣẹ́ wọn mọ́. Bí orúkọ yín bá ṣì wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì, ìpè yìí ni àǹfààní láti ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà lẹ́tà tí báńkì ti lu òǹtẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìbéèrè kékeré, bíi ibi tí fáìlì kan wà tàbí orúkọ ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ẹ dáhùn. Ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kò pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ti dé nìyẹn, iṣẹ́ sì lówó.

Báwo lẹ ṣe máa dá iye lé e? Ẹ má lo owó oṣù tí wọ́n ń san fún yín nígbà náà. Ẹ lo iye tí irú ipò yẹn ń gbà lónìí. Ká ní ₦250,000 ni. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, wákàtí 8 lójúmọ́, ó di wákàtí 176. Ẹ pín in, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦1,420 ní wákàtí kan. Ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, nǹkan bíi ₦4,300, torí pé dátà yín ni, epo jẹnẹrétọ̀ yín ni, ẹnikẹ́ni ò sì san owó ìfẹ̀yìntì tàbí ìsinmi fún yín lórí rẹ̀. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á jẹ́ ₦64,500. Kí ìdajì wọlé kẹ́ ẹ tó ṣí láptọ́ọ̀pù. Wọ́n lè yọ 5% owó orí kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn ₦3,225. Kò burú, àmọ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, torí owó orí yín ni wọ́n ti bá yín san yẹn. Kẹ́ ẹ sì ka ìwé àdéhùn ibi tẹ́ ẹ wà báyìí kẹ́ ẹ tó gbà á: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ.

Gbèsè ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n bá wá yín ni ọjọ́ tó rọrùn jù láti béèrè ohun tó kù. Kẹ́ ẹ tó pè wọ́n padà láàárọ̀, ẹ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ fi wé àwọn áláàtì owó oṣù yín, oṣù kan sí òmíràn. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa san ó kéré tán 10%, kí òṣìṣẹ́ san 8%, kó sì dé inú àkáǹtì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti san owó oṣù. Èyí tí wọn ò san ní ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín sí 2% lóṣooṣù, gbèsè tí wọ́n jẹ àkáǹtì yín ni ìtanràn ọ̀hún pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó ni pé wọ́n á yọ 8% yín lórí ìwé owó oṣù, kò sì ní dé ibi tó ń lọ. Ẹ kọ oṣù tó kù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ránṣẹ́ ní í-meèlì, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ pípadà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé ìwé "mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi" wá, áláàtì ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ wọlé kí bírò tó kan ìwé. Bó bá di àríyànjiyàn, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń bá èèyàn dá sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-ẹjọ́ tó wà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, National Industrial Court, wà n'Íkòyí, ṣùgbọ́n owó àti àkókò ni ìyẹn ń jẹ.

Bó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ní ẹ jẹ àwọn lówó, tàbí láptọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, iye àti ọjọ́. Ẹ wá ìwé tẹ́ ẹ fi jọ̀wọ́ nǹkan wọn. Ẹ má nìkan lọ sí ìpàdé náà.

Ó wá ku èyí tó ń wu èèyàn jù: "Padà wá, a máa fi owó kún un." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹnì kan ń gbé ní Ìkòròdú, ó ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà ní ₦190,000. Ọ́fíìsì àtijọ́ ní Marina ní àwọn á san ₦250,000. Ẹ yọ 8% ìfẹ̀yìntì, ìyẹn ₦20,000. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ 15%. Bó bá ń san owó ilé ₦600,000 lọ́dún tó sì ní rìsíìtì rẹ̀, 20% rẹ̀ tún máa kúrò nínú iye tí wọ́n ń bù lé, ìyẹn ₦120,000. Owó orí rẹ̀ á jẹ́ ₦23,000 lóṣù. Ohun tó wọlé: ₦207,000. Ká ní ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦4,000 lójúmọ́, ọjọ́ 22, ₦88,000 ti lọ. Ó ku ₦119,000.

Ti Ìkẹjà ńkọ́? Ìfẹ̀yìntì ₦15,200, owó orí ₦14,720, ohun tó wọlé ₦160,080. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ₦1,200 lójúmọ́, ₦26,400 ni. Ó ku ₦133,680. Wọ́n fi ₦60,000 kún owó oṣù, ohun tó kù sápò rẹ̀ sì dín ní ₦14,680, a ò tíì ka wákàtí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Reluwé kò lè gba gbogbo èèyàn nínú èyí: èyí tó pupa, láti Agbádò, Òyìngbò ló ń parí sí, ẹ ṣì máa wọkọ̀ sọdá. Aláwọ̀ búlúù ló ń dé Marina, láti Mile 2. Ará Festac lè rẹ́rìn-ín sí i, ará Ìkòròdú kọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe owó nìkan lẹ máa bá wọn dúnàá dúrà. Bí wọ́n bá gbà kẹ́ ẹ máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọjọ́ mẹ́tàlá lóṣù ló kù, ₦52,000 lọkọ̀, ₦36,000 sì dúró sápò. Lójú tèmi, ìyẹn dáa ju kí wọ́n fi ₦30,000 kún owó oṣù lọ, torí owó orí ò kan án.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ìdáhùn sì wà nínú lẹ́tà: ta ni màá máa jábọ̀ fún? Ṣé àsìkò ìdánwò tún wà? Ṣé ọdún tí mo ti lò tẹ́lẹ̀ máa wà nínú ìṣirò ìsinmi àti owó ìdúpẹ́, àbí orí òdo la ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó gba ipò yìí lẹ́yìn mi, kí ló dé tó fi lọ? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí, wọn kì í fẹ́ dáhùn rẹ̀. Ẹ wá ẹni náà kàn fúnra yín. Bí ohun tó lé yín lọ bá ṣì jókòó sórí àga kan náà, owó tí wọ́n fi kún un jẹ́ owó ìfaradà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ síbi tẹ́ ẹ wà nígbà tí tiwọn kò tíì dé, tí wọn ò sì tíì fọwọ́ sí i. "A ti gbà, máa bọ̀" lórí fóònù kì í ṣe iṣẹ́.

Kíkọ̀ kò lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú. Ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ má sì ka ẹ̀sùn àtijọ́ sílẹ̀, torí ibi tẹ́ ẹ bá tún wáṣẹ́ sí lè kọ̀wé sí wọn láti béèrè nípa yín:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo dúpẹ́ pé ẹ rántí mi. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mi ò ní lè padà wá lásìkò yìí. Bí ìbéèrè kan bá kù lórí iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ ní í-meèlì, màá dáhùn nígbà tí mo bá ráyè."

Bí wọ́n bá tún pè lẹ́yìn ìyẹn láti bi yín pé kí ló dé gan-an, ẹ dúpẹ́, ẹ tún "mi ò ní lè padà wá lásìkò yìí" yẹn sọ. Ẹ má fi kún un.