Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀

Òjò láti òwúrọ̀. Bọ́ọ̀sì 36 pẹ́, mo sì fi ẹ̀bà àná ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Ó tán, ti òní nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí Màmá Alátẹ̀gùn, àgbàlagbà tí mò ń lọ tọ́jú, sọ lórí fóònù ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ wọn ọkùnrin ló pè. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mò ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ lomi máa ń sápamọ́ sí tí awọ fi ń bó. Wọ́n ní, "No, darling, I'm on my own." Ẹsẹ̀ wọn òsì ṣì wà lórí itan mi o!

Mi ò bínú. Ó dáa, mo bínú díẹ̀, àmọ́ kò tó nǹkan tí mo lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọn ò kúkú sọ pé "I'm alone". Ìyẹn, iye orí ló ń kà: ẹni mélòó ló wà nínú yàrá? Irọ́ ni ì bá jẹ́, torí àwa méjì ni. Wọn ò sì sọ pé "I'm lonely", torí ọmọ yẹn ì bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin lálẹ́ yìí. "On my own" ni wọ́n mú. "Own" tí wọ́n fi ń pe ohun ìní ẹni náà ni, bí ẹni pé èèyàn jókòó sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e. Kò sí ẹkún nínú ẹ̀. Bóyá kí ọkàn ọmọ lè balẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Tàbí kó jẹ́ pé wọn ò tiẹ̀ ro tèmi rárá. A kì í sáà ka àga mọ́ àlejò...

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ṣí ìwé atúmọ̀ èdè lórí fóònù. "All" àti "one" ni wọ́n so pọ̀ di "alone". Nígbà tó yá, wọ́n gé e lórí, ó ku "lone". Wọ́n fi ìrù sí i, ó di "lonely". Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé lórí tí wọ́n fún nírù, òun ló wá di àìsàn tí ìjọba ń yan mínísítà fún! January 2018, Theresa May, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbé e fún Tracey Crouch. Tó bá jẹ́ nílé ńkọ́? Mínísítà Àárò. Mo ń dá rẹ́rìn-ín, arábìnrin tó jókòó tì mí sún díẹ̀.

Àmọ́ àárò kọ́ ni "lonely". Bó o bá ní àárò ń sọ ẹ́, ìbéèrè tó kàn ni: àárò ta? Àárò Ìyá Ìbejì ń sọ mí. Àárò Dùgbẹ̀ ń sọ mí, tòun ti ariwo ibẹ̀. "Lonely" kì í béèrè ta.

"Solitude" ńkọ́? Ìyẹn ni Màmá sọ fún mi lóṣù tó kọjá nígbà tí mo fẹ́ tan tẹlifíṣọ̀n: "I like my solitude." Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ilẹ̀kùn tó lè tì. Nínú féèsì-mí-àì-féèsì-yú tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ilé ìwẹ̀ nìkan lèèyàn ti lè rí irú ẹ̀, níbẹ̀ náà, ẹni tó kàn á ti máa fi korobá gbá ilẹ̀kùn páànù.

Àwa tiẹ̀ kì í jẹ́ kí àgbàlagbà dá wà nínú èdè. Ẹ wo bí mo ṣe ń kọ ọ́ bọ̀ láti òkè: wọ́n, wọ́n, wọ́n, ẹyọ èèyàn kan. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé, ṣùgbọ́n àgbà kan ṣoṣo ń jẹ́ wọ́n. Nílé wa, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun nìkan ló wà nígbà tí èèyàn ń nu ẹsẹ̀ fún un.

Irọ́.

Ìyá àgbà mi sọ ọ́. Etí mi ló gbọ́ ọ. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àlejò kan béèrè pé àwọn ará ilé ńkọ́, wọ́n ní, "Èmi nìkan náà ni." Ọmọ ọ̀dọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fi kànìnkànìn àti eérú ha ìdí ìkòkò, ìró rẹ̀ ń dé iwájú ilé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti wà lọ́dọ̀ wa. Mi ò rántí pé mo wo ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí ni mo tiẹ̀... ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀.

Nígbà tí Màmá gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí mi, wọ́n ní omi yẹn ti tutù jù.

Ọ̀la, aago méje àárọ̀. Ìpara ẹsẹ̀ wọn ti fẹ́ tán, kí n má gbàgbé.