Iná Kì í Lọ Níbí, Àmọ́ Ẹ Bi Mí Léèrè Ilé

Àǹtí mi fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ láti Ìbàdàn lálẹ́ àná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ní kí n ṣàánú, kí n bá àwọn mú àbúrò mi wá sí Màléṣíà, pé ibẹ̀ dáa, iná kì í lọ, owó sì wà níbẹ̀, "ìwọ náà ṣáà ń jayé orí ẹ." Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, mi ò lè bínú sí wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ "jayé" yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Òótọ́ ni, iná kì í lọ. Láti 2019 tí mo ti dé Serdang, nítòsí Kuala Lumpur, mi ò tíì gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò wa. MRT, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ti dé ọ̀dọ̀ wa láti 2023, mo sì lè jáde láago mọ́kànlá alẹ́ lọ jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní roti canai ní ṣọ́ọ̀bù mamak, ilé oúnjẹ àwọn Mùsùlùmí Íńdíà, kí n fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Omi máa ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní Selangor, ìpínlẹ̀ tí mo wà, tó bá ti lọ báyìí gbogbo ìlú á máa pariwo lé ìjọba lórí, èmi á kàn gbé kẹ́ẹ̀gì mi jáde, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ilé. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ti iṣẹ́ tí àǹtí ń sọ, kò rí bíi ti Ìlú Ọba rárá. Pásì akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe pásì iṣẹ́. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ lòfin gbà wá láyè, ìyẹn náà àfi nígbà ìsinmi tó bá ju ọjọ́ 7 lọ, ní ilé oúnjẹ, ilé epo, mínì mákẹ́ẹ̀tì àti hòtẹ́ẹ̀lì nìkan, o ò sì gbọdọ̀ jókòó ti owó bíi kaṣíà. Iléèwé ló máa bá ẹ tọrọ àyè ẹ̀ lọ́dọ̀ imigresen, ìyẹn imigiréṣọ̀n wọn. Tí pásì bá wá parí mọ́ ẹ lọ́wọ́, owó ìtanràn lè tó 10,000 ringgit, owó ibí, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n sì lè tó ọdún 5. Ọdún tí mo dé yẹn náà ni ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ka PhD kú sí àtìmọ́lé imigresen, gbogbo wa la gbọ́ ọ, fún ọ̀pọ̀ oṣù mi ò lè kúrò nílé láìmú páásípọ́ọ̀tì dání.

Àmọ́ ilé ni, ilé gan-an ló ń dùn mí. Ní 2022 ẹni tó ni ibi tí mo ń gbé tà á, ó fún mi lóṣù méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ilé gbangba: Ṣáínà nìkan, Mùsùlùmí Màléè nìkan, "No African". Tí mo bá pe ẹ́jẹ́ǹtì, tó ti gbọ́ ohùn mi, ó di pé ọmọ ibo ni mí, kí n tó dáhùn ó ti mọ̀. Ọ̀kan wà ní Balakong tí mo dé inú ẹ̀, mo ti ń fi ọwọ́ wọn fèrèsé torí kọ́tìnnì, owó dípọ́sììtì oṣù méjì àti ààbọ̀ wà lọ́wọ́ mi, ni fóònù ẹ́jẹ́ǹtì bá dún. Ó sọ Ṣáínà díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún sọ díẹ̀. Nígbà tó máa padà sọ́dọ̀ mi, kọ́kọ́rọ́ ló ń wò, ó ń yí i lọ́wọ́ yí i lọ́wọ́, ó ní onílé ti yí ọkàn padà, ẹ má bínú. Ilé mọ́kànlá ni mo wò kí n tó rí èyí tí mo wà.

Mo mọ ohun táwọn onílé ń sọ nípa wa. Àwọn ọmọ wa kan wà tí wọ́n ń fi ìfẹ́ èké gba owó àwọn obìnrin níbí, gbogbo ìgbà tó bá ti jáde nínú ìròyìn ni ojú máa ń tì mí nínú ọkọ̀. Àmọ́ ọ̀pẹ lèmi ń kọ́ nípa ẹ̀, àrùn Ganoderma tó ń jẹ ìdí ọ̀pẹ, kí ló kàn mí nínú yàhúù?

Ẹni tó gbà mí, màmá ará Tamil ni, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ Íńdíà ibí, Aunty la máa ń pè wọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà táwọn ń wá yàrá ní Petaling Jaya, àwọn onílé ní ọmọ Íńdíà á máa se kọ́rì, ilé á máa rùn. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n o! Fọ́ọ̀mù ibí máa ń béèrè ẹ̀yà: Melayu (Màléè), Cina (Ṣáínà), India, Lain-lain (àwọn yòókù). Láti ìgbà ìjà May 13, 1969 láàárín Màléè àti Ṣáínà, àti ètò ọrọ̀ ajé 1971 tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ta ló yẹ kó rí kí ni gbà ò tíì tán láàárín wọn, kódà àwọn Bumiputera, ìyẹn Màléè àtàwọn ọmọ onílẹ̀ yòókù, ń rí ẹ̀dínwó tí wọ́n bá fẹ́ ra ilé tuntun. Ìjọba ti ń sọ̀rọ̀ òfin ilé rírẹ́ǹtì fún ọdún mélòó kan, àwọn kan ní kó fòfin de kí wọ́n máa wo ẹ̀yà, àwọn kan ní ilé mi ni, ẹni tó wù mí ni màá fún.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi padà sí Yaba. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ìgbò wá ilé títí, baba onílé ní àwọn ò fún Ìgbò, òun náà sunkún sọ fún mi. Mo ní pẹ̀lẹ́ jàre, mo sì lọ sílé mi lọ jẹun. Mi ò mọ̀ pé nǹkan tó ń sọ wúwo tó yìí.

Ẹ ó ní kí ló wá dé tí mi ò padà. Ẹ jọ̀ọ́, fírísà ni. Nígbà tí mo ń ṣe másítà nílé, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, dísẹ́ẹ̀lì tán nínú jẹnẹrétọ̀, gbogbo ohun tí mo fi oṣù mẹ́jọ kó jọ sínú fírísà fún ìwádìí mi bàjẹ́, mo jókòó sílẹ̀ níwájú fírísà yẹn mo ń fi ọwọ́ tẹ àwọn ike tí yìnyín inú wọn ti yọ́. Níbí, ohun tí mo tọ́jú sínú fírísà ní 2020 ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó máa bú mi, mi ò lè fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún òkùnkùn lẹ́ẹ̀kejì.

Màá fèsì fún àǹtí lálẹ́ yìí. Màá ní kí àbúrò mi wá tó bá jẹ́ ìwé ló fẹ́ kà, kó sì mú owó rẹ́ǹtì dání, torí kò ní rí iṣẹ́ tó máa fi san án. Ti èmi, àdéhùn ilé mi á parí lóṣù kẹwàá. Lọ́jọ́ Sunday, Aunty kan ilẹ̀kùn, wọ́n gbé dosa méjì, oúnjẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, fún mi, wọ́n ní ṣé mo ṣì ń gbé lọ́dún tó ń bọ̀, kí n tó ráyè bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹ ṣé mà.