Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ti jẹ́ èdè ará oko rí

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni èdè yìí ti ń jókòó sórí àga ọlá. Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù láti sọ fún wọn kò sí nínú ìwé ìdánwò: ìgbà kan wà tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ England fúnra wọn kò ka Gẹ̀ẹ́sì sí nǹkan kan.

Àwọn Angle, Saxon àti Jute ló gbé e sọdá òkun láti apá Jámánì àti Denmark, ní nǹkan bí ọdún 450. Ó gbilẹ̀. Ọba Alfred, tó wàjà ní 899, ń túmọ̀ ìwé Látìn sí i kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè rí i kà. Irú ọba bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní 1066 ni William ará Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun Harold, ọba England, ní Hastings. Faransé wọ ààfin, Látìn ni wọ́n fi ń kọ ìwé àkọsílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wá ku sẹ́nu àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ àti ìyá ọlọ́mọ.

Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, mọ́ńkì kan ní Chester, Ranulf Higden, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń fipá mú àwọn ọmọ iléèwé láti pa èdè ìbílẹ̀ wọn tì, kí wọ́n sì máa fi Faransé ka ẹ̀kọ́ wọn, èyí tí kò bá àṣà orílẹ̀-èdè yòókù mu. Ó ní ọmọ ọlọ́lá ń kọ́ Faransé láti orí ẹní, ará oko tó fẹ́ jọ ọlọ́lá náà sì ń tiraka láti sọ ọ́ kí àwọn èèyàn lè kà á sí. Bí mo bá ka ibẹ̀ yẹn sókè, ṣe ni kíláàsì máa ń hó. Ó yé wọn dáadáa. Níbi tí èmi ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìtanràn là ń san bí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu wa.

Ní 1204, Ọba John pàdánù Normandy, okùn tó so àwọn ọlọ́lá mọ́ òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àjàkálẹ̀ àrùn dé ní 1348, ó pa èèyàn lọ bẹẹrẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Cornwall, olùkọ́ gírámà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ. John Trevisa, tó túmọ̀ ìwé Higden, sọ pé nígbà tó fi máa di 1385, gbogbo iléèwé gírámà ti fi Faransé sílẹ̀. Kò fi ohun tó sọnù pa mọ́: ó ní àwọn ọmọ tètè ń mọ gírámà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àmọ́ Faransé tí wọ́n gbọ́ kò ju èyí tí gìgísẹ̀ òsì wọn gbọ́ lọ. Ní 1362, òfin pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù, torí pé Faransé kò yé ará ìlú. Faransé ni wọ́n ṣì fi kọ òfin yẹn gan-an.

Orúkọ Cornwall ni mo máa ń tẹnu mọ́. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọmọ ogun, olùkọ́ bíi tèmi ni. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èmi náà ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé gírámà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ JSS1 báyìí, ìbéèrè wọn sì ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.